Ohun Ìṣeré Ọmọ Wà Nínú Ilé, Ọ̀rọ̀ Sì Wà Nínú Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lè dà bí ọ̀rọ̀ abiyamọ lásán lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ọ̀rọ̀ ẹ̀ka wa gan-an ni. Èrò mi ni pé ohun ìṣeré tí a fi nǹkan inú ilé ṣe fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn kò yẹ ní ohun tí à ń fi ojú àìní wò. Ó dára ju ọ̀pọ̀ èyí tí à ń fi owó gọbọi rà lọ, ìdí rẹ̀ sì ni pé èdè Yorùbá wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Onípele kẹrin ni mí, mo sì ní ọmọbìnrin kan tó ti pé ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí mo fẹ́ fi í sí ilé ìtọ́jú ọmọ kan kí n lè máa ráyè wá sí kíláàsì, wọ́n fún mi ní ìwé tí wọ́n to àwọn ohun tí mo gbọ́dọ̀ rà sí. Yàtọ̀ sí mílíìkì àti aṣọ ìpààrọ̀, wọ́n kọ "sensory toys" síbẹ̀, pé kí n ra mẹ́fà. Mo wá iye owó rẹ̀ lọ. Owó náà ju owó tí mo fi ń jẹun ní oṣù kan lọ. Nígbà tí mo béèrè bóyá mo lè fọwọ́ ara mi ṣe mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nílé, obìnrin tó fún mi ní ìwé náà ní kí n jọ̀wọ́, kí n má kó pàǹtí wá bá àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Ọ̀rọ̀ "pàǹtí" yẹn ni mo fẹ́ fèsì sí, nítorí pé òun nìkan kọ́ ló ní èrò bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé ike aláràbarà tó ní bátìrì nínú, tó ń tan iná, tó ń ké, ni yóò jẹ́ kí ọmọ gbọ́n. Ẹni tí kò bá sì lówó rẹ̀ yóò máa ro ara rẹ̀ pin pé òun ń fi nǹkan du ọmọ òun.

Kí ni ọmọ ń wá?

Jean Piaget, onímọ̀ ará Switzerland tí gbogbo ẹni tó bá ka ẹ̀kọ́ nípa ọmọdé máa ń bá pàdé, sọ pé nǹkan bí ọdún méjì àkọ́kọ́ ni ọmọ fi ń lo ara rẹ̀ láti mọ ayé. Ó ń fọwọ́ kan nǹkan, ó ń fi í sẹ́nu, ó ń gbóòórùn rẹ̀, ó ń jù ú sílẹ̀ kí ó lè gbọ́ bí yóò ṣe dún, yóò sì tún ní kí o bá òun mú un kí òun lè jù ú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá ti tọ́mọ rí kò nílò Piaget láti mọ èyí. O lè ra ohun ìṣeré olówó ńlá fún ọmọ, páálí tí wọ́n fi dì í ni yóò máa bá ṣeré.

Nínú ìwádìí ìdílé tí UNICEF ń bá ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣe, èyí tí a mọ̀ sí MICS, tí wọ́n sì ṣe ní Nàìjíríà náà ní 2021, wọ́n máa ń béèrè ohun tí ọmọ fi ń ṣeré lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí: èyí tí a fọwọ́ ṣe nílé, èyí tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù, àti nǹkan inú ilé tàbí ohun tí a rí níta bí igi, òkúta àti ewé. Bí ọmọ bá ní oríṣi méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ti tó. Wọn kò fi ti ṣọ́ọ̀bù ṣe olórí àwọn yòókù.

Ẹ̀rí láti Jàmáíkà

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ tí mo mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí wá láti ibi tó jìnnà sí wa, ní Kingston, olú ìlú Jàmáíkà. Ní 1986 sí 1987, Sally Grantham-McGregor àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú ọmọ 129 láti ìdílé àwọn aláìní. Ọmọ oṣù 9 sí oṣù 24 ni wọ́n, àìjẹunkánú sì ti mú kí wọ́n kúrú ju bí ó ti yẹ fún ọjọ́ orí wọn lọ. Wọ́n pín àwọn ọmọ náà sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Àwọn kan gba oúnjẹ aṣaralóore, àwọn kan gba eré, àwọn kan gba méjèèjì, àwọn kan kò sì gba ìkankan.

Àwọn tó gba eré, báyìí ni wọ́n ṣe fún wọn: òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò, tí kì í ṣe dókítà, yóò wá sílé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún wákàtí kan, yóò fi han ìyá ọmọ bí a ṣe ń bá ọmọ ṣeré, bí a sì ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Àwọn ohun ìṣeré àfọwọ́ṣe ló máa ń kó dání, tí wọ́n fi agolo, ìgò àti àwọn nǹkan tí a ti lò tán ṣe. Yóò fi wọ́n sílẹ̀ fún ìyá, yóò sì pààrọ̀ wọn bí ó bá tún padà wá. Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní nǹkan bí 20 ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n wá àwọn ọmọ náà rí, wọ́n ti di géńdé. Paul Gertler, James Heckman àti àwọn mìíràn gbé àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 2014. Owó tí àwọn tó gba eré ń rí lẹ́nu iṣẹ́ fi 25% ju ti àwọn tí kò gba eré lọ. Wọ́n sì ti lé àwọn ọmọ àdúgbò wọn tí kò kúrú bá. Agolo àti ìgò tí ẹlòmíràn yóò pè ní pàǹtí ló wà nídìí iṣẹ́ yìí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Agolo kò ní oògùn nínú. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé agolo náà mú kí ìyá àti ọmọ jókòó papọ̀, kí ìyá sì máa sọ̀rọ̀ sí ohun tí ọwọ́ ọmọ ń ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá wá jẹ́ iṣẹ́ tí ohun ìṣeré ń ṣe, a jẹ́ pé ìbéèrè kan wà nílẹ̀ fún àwa tí à ń kọ́ nípa èdè: ọ̀rọ̀ èdè wo?

Ohun tó wà nílé mi

Kí n tó dáhùn ìbéèrè náà, ẹ jẹ́ kí n ka àwọn ohun tí ọmọ mi fi ń ṣeré nínú yàrá kan ṣoṣo tí à ń gbé ní Lágẹ̀rẹ̀. Mi ò ra ọ̀kan nínú wọn ní ṣọ́ọ̀bù ohun ìṣeré.

Àkọ́kọ́ ni apẹ̀rẹ̀. Elinor Goldschmied, olùkọ́ ọmọdé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ irú apẹ̀rẹ̀ yìí di mímọ̀ láàárín àwọn olùkọ́ ibẹ̀: kí a kó oríṣiríṣi nǹkan ilé sínú apẹ̀rẹ̀, kí a gbé e síwájú ọmọ tó ti lè jókòó, kí ọmọ sì máa fọwọ́ ara rẹ̀ yẹ wọ́n wò. Kò fẹ́ ike nínú rẹ̀, nítorí pé bákan náà ni gbogbo ike ṣe rí lọ́wọ́ àti lẹ́nu. Ahá wà nínú tèmi, ọmọ-orógùn kékeré wà níbẹ̀, kànìnkànìn tuntun, ṣíbí irin, ìdérí ìkòkò, odidi ọsàn, àti háhá àgbàdo gbígbẹ. Àwọn àgékù aṣọ tí mo tọrọ lọ́wọ́ aránṣọ tún wà níbẹ̀: òfì, àdìrẹ, lẹ́ẹ̀sì àti àrán. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Tó bá jẹ́ ti ọmọ mi ni, ó ti fẹ́ lé àgbà bá.

Ìkejì ni ìgò. Ìgò rọ́bà kéékèèké tí a ti mu omi inú wọn tán ni. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì sínú ọ̀kan, àgbàdo sínú ìkejì, òkúta wẹ́wẹ́ sínú ìkẹta. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdérí wọn pa, mo sì fi sẹ́lótéèpù wé e lórí. Ìrẹsì ń dún ṣẹ́ẹ́rẹ́, àgbàdo ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀, ti òkúta le ju ti àwọn méjèèjì lọ. Omi àti epo pupa díẹ̀ ló wà nínú ìkẹrin. Bí ó ti wù kí ọmọ mì ín tó, epo náà yóò tún léfòó. Ó lè wo èyí nìkan títí tí ẹ̀kọ yóò fi jinná.

Ìkẹta ni agolo mílíìkì ńlá tó ní ìdérí rọ́bà. Mo la ojú sí ìdérí rẹ̀, ọmọ sì ń ti àwọn ìdérí ike bọ́tà gba ojú náà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá tán, yóò da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá sú u, a ó dojú agolo dé, ó di ìlù nìyẹn.

Ìkẹrin ni èérí ògì. Obìnrin tó ń ta ògì nítòsí wa máa ń kó o fún ẹni tó ní ewúrẹ́. Mo tọrọ díẹ̀, mo pín in sí mẹ́ta, mo fi omi ìṣápá pupa tí wọ́n fi ń ṣe zobo pa ọ̀kan láró, àtàlẹ̀ pupa mú èkejì di aláwọ̀ ìyeyè, mo sì fi omi ẹ̀fọ́ rẹ ẹ̀kẹta. Ọmọ ń fún un, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń mọ ọ́n jọ, ó ń fọ́n ọn ká orí ẹní. Bí ó bá tilẹ̀ fi í sẹ́nu, ohun jíjẹ ni. Ọjọ́ kan náà ni a ń lò ó, lẹ́yìn náà a ó kó o dànù, torí pé ó máa ń kan.

Ìkarùn-ún ni ọmọláǹgidi. Igi ni àwọn baba wa fi ń gbẹ́ ẹ. Aṣọ àtijọ́ ni mo fi rán tèmi, mo sì fi àkísà kì í nínú. Ọmọ mi ń pọ̀n ọ́n, ó ń rẹ̀ ẹ́, ó ń fún un lóúnjẹ. Bàbá rẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Ó fi ìgò rọ́bà ṣe ọkọ̀, ó gé àlòkù bàtà sílípáàsì róbótó fún táyà, ó sì so okùn kúkúrú mọ́ ọn nímú kí ọmọ lè máa wọ́ ọ.

Ìkẹfà kò ná wa ní kọ́bọ̀: àwo omi fífẹ̀ kan, ife méjì, asẹ́, àti ìgò tí a lu nídìí. Èyí ló wù mí jù, òun ni mo sì fẹ́ fi dáhùn ìbéèrè tí mo fi sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà nínú àwo omi

Ẹ wo omi nìkan. A ń bù ú nínú garawa. A ń pọn ọ́n ní kànga. A ń rọ ọ́ sínú ìgò tí ẹnu rẹ̀ há. A ń dà á nù. A ń wọ́n ọn sílẹ̀ kí eruku má baà sọ. A ń gbọ́n ọn kúrò níbi tó bá gbà sí. A ń fi asẹ́ sẹ́ ògì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe yìí ló ní bí ọwọ́ ṣe ń rìn sí i. Kò sí bí o ṣe lè fi àwòrán ojú ìwé kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín dídà àti rírọ. Ìgbà tí omi bá ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ìgò, tí ìyá sì ní, "Rọra rọ ọ́, má dà á nù," ni ìyàtọ̀ náà wọ inú ọwọ́ àti etí lẹ́ẹ̀kan náà.

Gírámà tí à ń tò sórí pátákó ní kíláàsì wa wà nínú àwo náà pẹ̀lú. "Bu omi rọ sínú ìgò." "Gbé ife yẹn wá fún mi." Ọ̀rọ̀ ìṣe àsínpọ̀ nìyẹn, tí a fi wákàtí méjì jiyàn lé lórí ní sáà tó kọjá. Ọmọ ọdún kan ààbọ̀ gbọ́ ọ, ó sì ṣe é. Tàbí kí ẹ wo ohùn: "ó bù ú," ṣùgbọ́n "ó bu omi." Ohùn ìsàlẹ̀ ti di ohùn àárín nítorí ọ̀rọ̀ orúkọ tó tẹ̀lé e. Ìgbà mélòó ni ọmọ yóò gbọ́ èyí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nídìí àwo omi? Kò sẹ́ni tó máa ka òfin rẹ̀ fún un. Yóò mọ̀ ọ́n.

Kí á tó dé orí àwọn ọ̀rọ̀ tí ìró wọn ti ń sọ ìtumọ̀ wọn. Omi àárọ̀ tutù nini. Aṣọ lẹ́ẹ̀sì rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àrán rọ̀ múlọ́múlọ́. Ilá ń yọ̀ bọ̀rọ́. Ìdérí ìkòkò ń dán gbinrin. Òkúta le koko. Kànìnkànìn rí wúruwùru. Ìgò tó kún wúwo rinrin. Omi ń kán láti ìdí ìgò tó, tó, tó. Ẹ wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ lè fi gbé "nini" lọ sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó rí i pé ó ṣòro. Àwọn ọ̀rọ̀ yìí ló ń kọ́kọ́ ṣí lọ bí èdè kan bá ti ń kúrò nílé. Ẹni tó kọ́ Yorùbá nínú ìwé nìkan lè sọ pé omi tutù. Ẹni tó fọwọ́ bọ omi ní kékeré, tí ìyá sì ń sọ̀rọ̀ sí i létí, ló ní "nini" lẹ́nu.

Ọmọ mi kò tíì lè sọ odidi gbólóhùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ki ọwọ́ bọ omi tútù, yóò wo ojú mi, yóò ní, "Nini!" Ó tún fọwọ́ kan irin ìlẹ̀kùn lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Nini!" Mi ò kọ́ ọ pé kí ó gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí omi lọ sórí irin. Òun ló gbé e lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ti inú ilé sàn ju ti ọjà lọ. Ike tó ń ka A, B, C pẹ̀lú ohùn ará Amẹ́ríkà ti sọ̀rọ̀ tán kí ìyá tó la ẹnu. Ìgò ìrẹsì kò ní ohùn ènìyàn nínú, nítorí náà ó di dandan kí ẹni tó wà nítòsí bá ọmọ sọ̀rọ̀, èdè tó bá sì wà lẹ́nu onítọ̀hún ni ọmọ yóò gbọ́.

Ìdí tí kò fi yẹ kí á fi falẹ̀

Ẹ mọ ohun tó ń gba ipò àwo omi lọ́wọ́ wa. Fóònù ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ìlànà jáde ní 2019 pé kò yẹ kí ọmọ ọdún kan máa jókòó ti ojú fóònù tàbí tẹlifíṣàn rárá, àti pé ti ọmọ ọdún méjì kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Mi ò bá abiyamọ tó fi fóònù rọ ọmọ wí. Ìdánwò ń bọ̀, ọbẹ̀ wà lórí iná, ọmọ ń ké. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìgò mẹ́ta àti apẹ̀rẹ̀ kan lè ṣe iṣẹ́ ìrọmọ náà, kí èdè má sì bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ ìjọba náà ń bẹ níbẹ̀. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kéde pé àwọn ti fagi lé e, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí á máa lò láti ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Àwa tí a wà ní Ifẹ̀ ló yẹ kí èyí dùn jù. Láti inú yunifásítì yìí ni Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà ní 1970, ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kò fà wọ́n sẹ́yìn, títí kan èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Tí kíláàsì bá ti wá ti ilẹ̀kùn, orí ẹní nínú yàrá ló kù. Kò sí mínísítà tó lè fagi lé ohun tí ìyá àti ọmọ ń sọ nídìí àwo omi.

Ààbò kọ́kọ́

Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Obìnrin tó pe tèmi ní pàǹtí ì bá jàre ká ní ọ̀rọ̀ ààbò ló bá mi sọ, nítorí pé àfọwọ́ṣe lè pa ọmọ lára bí a kò bá ṣọ́ra.

Ohunkóhun tó bá lè gba inú ihò páálí róbótó tí wọ́n ń wé tíṣù mọ́ kọjá, ẹ má fi í sọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀wà, ẹ̀pà, owó idẹ àti ìdérí ìgò omi wà nínú èyí. Ẹ̀wà tó bá wọ imú ọmọ máa ń wú. Bátìrì pẹlẹbẹ kékeré léwu ju gbogbo wọn lọ, nítorí pé ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun bí ọmọ bá gbé e mì. Ẹ má fún un ní ọ̀rá tàbí bàlúùnù. Ẹ má lo ìgò tí wọ́n ti rọ ota-piapia, kẹrosíìnì tàbí ọ̀dà sí rí, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Ẹ fọwọ́ yí etí agolo ká, kí ẹ rí i pé kò mú. Mo yọ ìjábẹ̀ kúrò nínú apẹ̀rẹ̀ nítorí ojú ọmọ. Ẹ máa yẹ ìdérí ìgò wò ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ bóyá gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti ń tú. Ní ti omi, ìwọ̀nba tó wà nísàlẹ̀ àwo tó láti gbẹ̀mí ọmọ. Ẹ má kúrò níbẹ̀, àní bí ẹnìkan bá ń kan ilẹ̀kùn, kí ẹ sì da omi náà nù bí eré bá ti parí.

Ohun tí wọ́n ń bi mí

Màmá mi ló kọ́kọ́ ta kò mí. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń fi oúnjẹ ṣeré ní àkókò tí gàrí wọ́n báyìí?" Wọ́n jàre. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo èérí ògì àti háhá, tí mi ò fi da ìyẹ̀fun sílẹ̀ bí mo ṣe ń rí i tí àwọn ará òkè òkun ń ṣe. Ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì tó wà nínú ìgò ti lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ṣàlàyé, màmá mi ló ń fi èérí ránṣẹ́.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní àwọn kò ráyè. Èmi náà kò ráyè. Ìgbà tí mo bá ń fọ aṣọ ni ọmọ ń ṣeré omi. Ìgbà tí mo bá ń ṣa ẹ̀fọ́ ni apẹ̀rẹ̀ ń jáde, tí mo ń fi ẹnu bá a ṣe é bí ọwọ́ mi ṣe ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni nǹkan mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń jáde. Méjì tó. Bí a bá fi ọ̀kan pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tuntun ni yóò jẹ́ lójú ọmọ bí ó bá tún rí i.

Àwọn mìíràn ní àwọn ń bẹ̀rù kí Gẹ̀ẹ́sì má wọn ọmọ. Ní ìlú yìí, Gẹ̀ẹ́sì yóò wá a wálé fúnra rẹ̀. Mi ò tíì rí ilé tí wọ́n ti ń wá Gẹ̀ẹ́sì kiri. Mo mọ ilé tó pọ̀ tí ìyá àgbà ti ń sọ̀rọ̀, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò sì gbọ́.

Iṣẹ́ tó kàn wá ní ẹ̀ka yìí

Mo ní àbá mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí a kó àwọn ọ̀rọ̀ ìfọwọ́bà, ìró, òórùn àti ìtọ́wò jọ láti ẹ̀ka-èdè kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ìyá àgbà ará Èkìtì ń sọ sí ọmọ nídìí omi lè yàtọ̀ sí ti ará Ìjẹ̀bú tàbí Oǹdó, àwọn ìyá àgbà náà kò sì ní dúró dè wá títí láé. Bí a bá ń lọ ìsinmi, kí oníkálukú fi fóònù rẹ̀ gba ohùn ìyá kan sílẹ̀ níbi tó ti ń wẹ ọmọ tàbí tó ń bá a ṣeré, lẹ́yìn tó bá ti gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìkejì, ẹ̀yin tí ẹ ń wá àkòrí fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, ẹ wo ẹnu àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Èwo nínú àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe omi ló ń kọ́kọ́ dé ẹnu wọn? Báwo ni wọ́n ṣe ń pe ohùn? Iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, kò sì ní gbà yín lówó púpọ̀.

Ìkẹta, kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa ya Sátidé kan sọ́tọ̀ ní sáà kan, kí a pe àwọn abiyamọ tó wà láàárín wa àti àwọn tó ń tajà ní Odò-Ogbè, kí á jọ ṣe ohun ìṣeré. Kí oníkálukú mú ìgò àti agolo wá. Àwa yóò mú ọ̀rọ̀ wá, àwọn náà yóò sì mú èyí tí àwa kò mọ̀ wá. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà, tí ẹ ń ráhùn pé àwọn ọmọ yín kò gbọ́ Yorùbá, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwo omi kan lálẹ́ òní. Bí ahá kò bá sí, ife wà.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dara pọ̀ mọ́ àbá àkọ́kọ́, kí ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá péré tí wọ́n ń lò nílé wọn fún bí nǹkan ṣe rí lọ́wọ́, pẹ̀lú àmì ohùn orí rẹ̀ àti orúkọ ìlú rẹ̀, kí ó sì fi lé akọ̀wé ẹgbẹ́ wa lọ́wọ́ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ti kọ tèmi. "Nini" ni mo fi ṣe àkọ́kọ́.